Òṣùwọ̀n Ni Hándíkáàpù, Kì í Ṣe Oyè

Ìka ọwọ́ kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni Elédùmarè ṣe dá a, ọgbọ́n àgbà kò sì tíì rí ọ̀nà tí yóò gbà fa èyí tó kúrú kí ó gùn bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo eré tí ọmọ aráyé fi ń dán ara wọn wò, ìbáà ṣe lórí odò, ìbáà ṣe lórí iyanrìn, ìbáà ṣe nídìí ọpọ́n ayò, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń dojú kọ wọ́n láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: báwo ni ọ̀ta àti òpè yóò ṣe pàdé láìjẹ́ pé àwọn òǹwòran ti mọ ẹni tí yóò borí kí àwọn méjèèjì tó bọ́ sójú agbo? Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí ti gbá gọ́ọ̀fù títí ewú fi gba orí mi, mo sì ti bá wọn jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣírò hándíkáàpù fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé bí mo bá rí káàdì ẹni kan lórí tábìlì, mo lè sọ díẹ̀ nínú ìwà onítọ̀hún kí n tó rí ojú rẹ̀. Ohun tí ọjọ́ pípẹ́ kọ́ mi ni pé òṣùwọ̀n ni hándíkáàpù. Kì í ṣe oyè tí à ń fi gbéra ga, kì í sì í ṣe ìtọrẹ tí à ń fi ọgbọ́n gbà. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ọ̀kan nínú méjèèjì, ó ti ba eré jẹ́ fún ara rẹ̀, ó sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ọmọ Òjòkú ni mí, nítòsí Ọ̀fà ilé Ọlálọ̀mí, ìlú tí ìjàkadì gbé jẹ́ orò, níbi tí ọmọ ti ń mọ bí a ti ń di ìbàdí ẹlẹgbẹ́ ẹni mú kí ó tó mọ bí a ti ń di ọkọ́ mú. Ní agbègbè wa, ọ̀nà kan ni àwọn baba wa gbà dáhùn ìbéèrè tí mo sọ yìí: ẹgbẹ́ ni wọ́n ń mú bá ẹgbẹ́ jà. Àgbà tó bá dúró sí etí agbo yóò wo ìdúró, yóò wo apá, yóò wo ọjọ́ orí, kò sì ní jẹ́ kí ọmọdé tí eegun rẹ̀ kò tíì gbó bọ́ síwájú ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rí; bí kò bá sì sí ẹlẹgbẹ́ ẹni lọ́jọ́ náà, ṣe ni ènìyàn yóò jókòó tí yóò máa pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn. Ọ̀nà tó mọ́ ni, nítorí pé ẹni tó bá ṣubú kò rí ẹni dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí: baba kò lè bá ọmọ jà, ògbólógbòó kò lè bá ọ̀gbẹ̀rì jà, ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ìlú kì í sì í kúrò nípò òǹwòran títí wọn yóò fi darúgbó.

Gọ́ọ̀fù gba ọ̀nà àwọn baba wa, ó sì la òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú ìdíje ńlá tí à ń fi mọ akọni orílẹ̀-èdè, a kì í bu nǹkan kún ti ẹnikẹ́ni. Iye tí o bá gbá ni iye tí a ó kọ sílẹ̀, yálà ọba bí ọ tàbí ìwọ̀fà. Ṣùgbọ́n nínú eré ọjọ́ Sátidé ní kíláàbù, a máa ń fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ ní ìgbá díẹ̀, ìyẹn ni pé a ó yọ ọ́ kúrò nínú iye ìgbà tí ọ̀pá rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ká sọ pé oníṣòwò kan tó ní hándíkáàpù 24 bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní 6 jáde lọ sí pápá. Oníṣòwò gbá ihò 18 ní ìgbá 96, ọ̀dọ́mọkùnrin gbá tirẹ̀ ní 78. Lójú ẹni tí kò mọ eré, kò sí ohun tó pa àwọn méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n yọ 24 kúrò nínú 96, kí o sì yọ 6 kúrò nínú 78, 72 ni yóò kù lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀mì sì ni wọ́n ta. Bí ó bá jẹ́ pé ihò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń bá ara wọn figagbága, ìgbá kọ̀ọ̀kan ni ọ̀dọ́ yìí yóò fún bàbá náà ní gbogbo ihò méjìdínlógún, àwọn méjèèjì yóò sì jọ làágùn títí dé ihò tó kẹ́yìn. Mo ti rí bàbá ọmọ àádọ́rin ọdún tó fi ọgbọ́n yìí gba ife lọ́wọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, tí ọmọ náà sì ń bínú lóòótọ́. Inú mi dùn sí ìbínú yẹn, nítorí ẹni tó bá fi àánú jẹ́ kí àgbà borí kì í bínú.

Ọgbọ́n náà kò dé lọ́jọ́ kan. Láyé àtijọ́ ní Scotland, níbi tí eré yìí ti gbó, àdéhùn ẹnu ni: àwọn méjì yóò dúró níbi ihò kìíní, wọn yóò máa nájà ìgbá gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ti ń nájà ata, ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá dùn jù ni yóò sì jèrè. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1890, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Hugh Rotherham, ní Coventry ní ilẹ̀ England, dá a lábàá pé kí a fi iye ìgbá tí agbágọ́ọ̀fù rere yóò lò ní ihò kọ̀ọ̀kan lélẹ̀, kí olúkúlùkù sì máa bá iye náà díje dípò kí ó máa bá ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ díje. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí di ètò tó kárí kíláàbù púpọ̀. Ní 1893 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ agbágọ́ọ̀fù obìnrin ilẹ̀ Britain sílẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, Issette Pearson, sì ni ó forí ṣe fọrùn ṣe títí hándíkáàpù obìnrin kan ní etíkun gúúsù fi ní ìtumọ̀ kan náà pẹ̀lú ti obìnrin tó wà ní àríwá. Agbágọ́ọ̀fù gidi ni òun náà: ipò kejì ni ó gbà nínú ìdíje àwọn obìnrin àmátọ̀ (àwọn tí kì í fi eré jẹun) ní 1893 àti 1894, Lady Margaret Scott ni ó borí rẹ̀ nígbà méjèèjì. Àwọn ọkùnrin Britain kò rí ètò tiwọn tò pọ̀ títí di àwọn ọdún 1920. Kí ẹni tí ń sọ pé obìnrin kò mọ òfin gọ́ọ̀fù lọ jókòó.

Òṣùwọ̀n tí a ń lò lóde òní bẹ̀rẹ̀ ní 2020, nígbà tí R&A ti St Andrews àti USGA ti Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ tí ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù, pa ètò mẹ́fà tó ti wà káàkiri ayé pọ̀ di ọ̀kan. Bí ó ti rí nìyí: bí o bá ti gbá eré tán, wàá dá káàdì rẹ padà, a ó fi òṣùwọ̀n pápá tún iye rẹ̀ ṣe bí n ó ti ṣàlàyé nísàlẹ̀, a ó kó ogún tó kẹ́yìn jọ, a ó ṣa mẹ́jọ tó dára jù nínú wọn, ìdá ọgbọọgba wọn ni yóò di hándíkáàpù rẹ, kò sì gbọdọ̀ ju 54 lọ fún ọkùnrin tàbí obìnrin. Kí òǹkàwé kíyè sí i pé mẹ́jọ tó dára jù ni a mú, a kò mú gbogbo ogún. Ohun tí apá rẹ ká ní ọjọ́ tí orí rẹ bá pé ni a ń wọ̀n, nítorí náà ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, wàá kùnà díẹ̀ sí hándíkáàpù ara rẹ, ẹni tó bá sì ń sọ pé òun kì í kùnà sí tòun, ó yẹ kí a tún káàdì rẹ̀ wò.

Nítorí pé pápá kò jọ pápá, a ní láti wọn ilẹ̀ pẹ̀lú. Pápá kọ̀ọ̀kan ní iye ìgbá tí a retí kí ọ̀gá fi gbá a, ó sì ní òṣùwọ̀n ìnira tí ń sọ bí ibẹ̀ yóò ti le tó fún aláìmọṣẹ́, láti 55 títí dé 155. 113 ni a fi ṣe ojú ìwọ̀n. Ẹni tó bá gbá 90 ní pápá tí iye rẹ̀ jẹ́ 70, tí ìnira rẹ̀ sì jẹ́ 120, a ó yọ 70 kúrò nínú 90, a ó sọ 20 tó kù di ìlọ́po 113, a ó fi 120 pín in, 18.8 ni yóò sì wọ inú ìwé rẹ̀. Àwa tí a kọ́ eré lórí bráùn, ìyẹn yanrìn tí a fi òróró pò tí a sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ dípò koríko, mọ ìdí tí èyí fi pọn dandan. Lórí bráùn, agbápò, ìyẹn ọmọ tí ń gbé àpò ọ̀pá fún ẹni tí ń gbá, á fa nǹkan kọjá lórí yanrìn, ojú ọ̀nà á tẹ́jú, bọ́ọ̀lù á sì lọ tààrà bí ọwọ́ rẹ bá ti tọ́. Gbé ẹni náà lọ sí orí koríko pápá Smokin Hills ní Ìlárá-Mọ̀kín, níbi tí ilẹ̀ ti dagun tí ó sì tún dagẹ̀rẹ̀, yóò rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Hándíkáàpù tí a kò bá fi òṣùwọ̀n pápá tì lẹ́yìn, ibi tí wọ́n ti fún ọ nìkan ni yóò ti wúlò fún ọ.

Gbogbo ìṣirò yìí dára, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà sì ti gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe ni kí ó mọ̀ bóyá òótọ́ ni ènìyàn kọ sórí káàdì. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, lẹ́yìn ìdíje oṣooṣù, káàdì ọkùnrin kan tó ní 24 bọ́ síwájú wa. Ihò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ mọ́ tónítóní, lẹ́ẹ̀dì tí ó fi kọ ọ́ kò pa rẹ́ níbì kankan. Ṣùgbọ́n ihò mẹ́ta tó kẹ́yìn ka 9, 8, 9, lórí ilẹ̀ tí kò lómi, tí kò nígbó, tí ọmọ ilé-ìwé lè gbá ní 6. Ẹlẹ́rìí rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Agbápò rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi àkísà nu irin ọ̀pá, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín tí kò tíì dé ètè. Ọ̀rọ̀ náà yé wa: nígbà tí bàbá yìí rí i pé ife kò lè bọ́ sí òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ó da omi sínú eré ara rẹ̀ kí hándíkáàpù òun má baà sọ̀kalẹ̀, nítorí ìdíje àyájọ́ kíláàbù ń bọ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ̀bùn ibẹ̀ sì pọ̀. Nígbà tí àyájọ́ dé lóòótọ́, lẹ́yìn tí a yọ 24 rẹ̀, ìgbá 60 ni ó kù sórí káàdì rẹ̀.

Àwọn tó ṣe òfin ti mọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ihò kan kì í ka ju páà rẹ̀ (iye ìgbá tí a retí kí ọ̀gá fi gbá ihò náà), ìgbá méjì lé, àti ìgbá tí a fún ọ níbẹ̀ lọ fún ìṣirò hándíkáàpù. Bí ihò bá jẹ́ páà 4 tí o sì gba ìgbá kan níbẹ̀, 7 ni a ó kọ fún ọ bí o tilẹ̀ gbá a ní 12. Bí ènìyàn bá sì ṣàdédé gbá eré tó fi ìgbá 7 sàn ju hándíkáàpù rẹ̀ lọ, a ó gé 1 kúrò. Bí ó bá fi 10 sàn jù ú, a ó gé 2. Hándíkáàpù kò sì lè fò sókè ju 5 lọ sí èyí tó kéré jù tí o ní láàárín ọdún kan sẹ́yìn. Síbẹ̀, òfin kì í sáré tó ọgbọ́n àrékérekè. Báńdíìtì ni àwọn agbágọ́ọ̀fù ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì máa fi ṣe àwàdà nídìí ọtí. Ṣùgbọ́n ife tó gbé lọ sílé, ẹnì kan ló ni ín.

Irọ́ kejì ń rìn ní ọ̀nà òdìkejì, aṣọ rẹ̀ sì dára ju ti èkíní lọ. Ẹni tí ń pa á ń fa hándíkáàpù rẹ̀ wálẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè máa pè é ní ọ̀gá. Káàdì ọjọ́ rere nìkan ni ó ń dá padà. Ti ọjọ́ òjò á ti sọnù sínú àpò. Bí bọ́ọ̀lù bá ku ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì kí ó bọ́ sínú ihò, á ṣà á nílẹ̀, á ní ó ti wọlé. Ṣe ni ó ń wọ agbádá tí a kò rán fún un, ọjọ́ tí atẹ́gùn bá fẹ́ ni a ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀: wọn yóò fi hándíkáàpù 2 mú un fún ìdíje ńlá, yóò gbá 95 ní ọjọ́ kìíní, yóò ní ẹ̀yìn ń dun òun, yóò sì wọkọ̀ padà sílé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí ohun tó burú nínú èyí, wọ́n ní ara rẹ̀ ló tàn jẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ wọ ìdíje bá pọ̀ ju àyè lọ, àwọn tí hándíkáàpù wọn kéré jù ni a máa ń mú. Nítorí náà, ọmọ kan tó ní 3 tòótọ́ ti jókòó sílé nítorí 2 èké. Báńdíìtì jí ife; èyí jí àyè, àyè sì ṣòro láti dá padà ju ife lọ.

Èyí ni ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà ìdíje àwọn àmátọ̀. Ìdíje àgbà nínú wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1885 ní Hoylake, ní England, Allan Macfie ni ó sì gba ife àkọ́kọ́. Ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1895. Nínú ìdíje wọ̀nyí, hándíkáàpù kò ní iṣẹ́ kankan lórí pápá. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó jẹ́rìí lẹ́nu ọ̀nà pé ẹni yìí tó bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, 2.4 ni ẹni tó fẹ́ wọlé kò gbọdọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti dín in kù sí 0.4, ìyẹn ẹni tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìgbá kankan. Kí a má ṣe rò pé ìgbéraga ni ó fà á. Ní 1976, ọkùnrin kan tí ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù ní ìlú Barrow, Maurice Flitcroft, kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìdíje ìwọlé sí Open ilẹ̀ Britain, ìdíje ńlá tí àmátọ̀ àti amọ̀ṣẹ́dunjú jọ ń gbá. Bí ó bá kọ pé àmátọ̀ ni òun, wọn yóò bi í léèrè hándíkáàpù, kò sì ní ọ̀kan. Nítorí náà ó kọ pé amọ̀ṣẹ́dunjú ni òun, wọ́n sì gbà á. Ìgbá 121 ni ó gbá ní pápá Formby, 49 lé sí páà. Ayé rẹ́rìn-ín, àwọn aláṣẹ bínú, ó sì tún padà wá ní 1983 pẹ̀lú orúkọ mìíràn, tí ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ Switzerland. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwájú, mo rí i pé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi òṣùwọ̀n ṣọ́ kò gbà á. Èyí tí wọ́n fi orúkọ lásán ṣọ́ ni ó gbà kọjá.

Òṣùwọ̀n dára lẹ́nu ọ̀nà, nítorí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Láburú ni ìgbà tí àwọn aláṣẹ bá pa á tì, tí wọ́n fi ipò rọ́pò rẹ̀, ìtàn eré yìí sì kún fún irú rẹ̀. Ní 1885 tí mo mẹ́nu bà yẹn, Douglas Rolland, ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ láti Scotland, fẹ́ wọ ìdíje. Wọ́n kọ̀ fún un, nítorí pé ó ti gba owó ipò kejì nínú Open ọdún 1884. Ṣùgbọ́n John Ball, ọmọ Hoylake níbi tí ìdíje náà ti ń wáyé, òun náà ti gba owó díẹ̀ nínú Open ọdún 1878 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, wọ́n sì fojú fò ó. Ball di àgbà ọ̀jẹ̀, ó gba ife àmátọ̀ nígbà mẹ́jọ. Rolland kò gba ẹyọ kan. N kò sọ pé Ball kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò ní mọ̀ láé bí Rolland ìbá ti tó.

Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, òfin kan wà nígbà kan pé ọmọ tó bá ti dàgbà dé ìwọ̀n kan tó sì ń gbé àpò gọ́ọ̀fù fún owó kì í ṣe àmátọ̀ mọ́. Nítorí rẹ̀ ni Francis Ouimet ṣe ju àpò sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 16. Ouimet yìí ni ó gba Open Amẹ́ríkà mọ́ àwọn ọ̀gá lọ́wọ́ ní 1913, síbẹ̀ ní 1916 wọ́n gba ipò àmátọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó ń ta ohun èlò eré, wọ́n sì dá a padà fún un ní 1918. Àwọ̀ ara pẹ̀lú ti jẹ́ ìdènà. Ní 1963, Papwa Sewgolum borí nínú Natal Open ní South Africa, inú òjò ni wọ́n sì ti fún un ní ife rẹ̀, nítorí òfin kò jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe òyìnbó wọ inú ilé kíláàbù. Ọdún 1959 ni aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ gba ife ìdíje kan tí USGA ń ṣe, Bill Wright ni orúkọ rẹ̀. Lee Elder, tó ti gbé àpò gọ́ọ̀fù nígbà èwe rẹ̀, wá sí Èkó ní 1971, ó sì gba ife Open Nàìjíríà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje Masters. Ẹ wò ó bí ilẹ̀ wa ti gba àlejò tí ilé rẹ̀ kò tíì gbà tán.

Ṣùgbọ́n àwa náà ní tiwa. Lọ sí pápá gọ́ọ̀fù èyíkéyìí ní ilẹ̀ wa ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó dé, wàá rí àwọn ọmọ agbápò tí wọ́n ń fi ọ̀pá mẹ́ta tí wọ́n jọ yá gbá bọ́ọ̀lù tó ti fọ́, tí wọ́n sì ń gbá a lọ́nà tí ọ̀gá wọn kò lè gbá a láé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn amọ̀ṣẹ́dunjú tí Nàìjíríà ní lónìí, orí àpò gbígbé ni wọ́n ti dìde. Inú wa ń dùn sí i, a sì ń fi yangàn. A kì í béèrè ìdí tí wọ́n fi fo ìdíje àmátọ̀ kọjá. Ìdí rẹ̀ kò ju pé hándíkáàpù ń gba ọwọ́ kíláàbù kọjá, owó ìwọlé kíláàbù sì ju owó tí agbápò ń rí ní ọdún lọ. Ọmọ tó lè gbá 74 kò ní káàdì, ẹni tí ń gbá 94 ní tirẹ̀. Nígbà tí a bá sì ń wá ẹni tí yóò ṣojú fún ìpínlẹ̀, káàdì ni a ó béèrè. Àwọn baba wa sọ pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Ọmọ yìí ti wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní; àwo ni a gbé pamọ́ fún un.

Nǹkan yìí sì ní àtúnṣe. Ní England, láti 2021 ni ẹni tí kò sí nínú kíláàbù kankan ti lè gba hándíkáàpù tòótọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀. R&A pẹ̀lú dá ìdíje àmátọ̀ sílẹ̀ fún Áfíríkà ní 2024, ní Leopard Creek ní South Africa; Altin van der Merwe, ọmọ ilẹ̀ náà, ni ó borí, ó sì fi bẹ́ẹ̀ gba àyè nínú Open ọdún yẹn. Ilẹ̀kùn tó lọ láti oko títí dé St Andrews ti ṣí báyìí, ìwé tó péye nìkan ni ó kù kí ọmọ mú lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé lè purọ́, àwọn tó ṣe òfin ipò àmátọ̀ tuntun ti 2022 sì ti fi ibi tí ewu wà hàn wá: wọ́n gbà kí àmátọ̀ gba ẹ̀bùn owó títí dé £700 tàbí $1,000 nínú ìdíje tí a kò ti lo hándíkáàpù, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò gbọdọ̀ gba owó nínú èyí tí a ti lò ó. Ní èrò tèmi, wọ́n mọ̀ pé bí a bá gbé owó sí ẹ̀gbẹ́ òṣùwọ̀n tí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ọwọ́ yóò gbọ̀n.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà kíláàbù, mo bẹ̀ yín ní ohun méjì. Èkíní, kí kíláàbù kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá yan agbápò àti ọmọ ilé-ìwé díẹ̀ ní ọdọọdún, kí a máa kọ káàdì wọn, kí a máa jẹ́rìí sí i, kí a sì fún wọn ní hándíkáàpù láìgba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìwé àti lẹ́ẹ̀dì ni yóò ná wa. Èkejì, kí a má ṣe bu ọwọ́ lu káàdì tí a kò rí bí wọ́n ṣe gbá a, ìbáà ṣe ti alága, ìbáà ṣe ti ọ̀rẹ́ tí yóò sanwó ọtí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n láàárín ogún ọdún náà, ọ̀pọ̀ ọmọ tó yẹ kí ó wọlé yóò ti darúgbó síta. Ẹni tó bá fọwọ́ sí káàdì èké ti ṣe ìdájọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, kò sì sí ìgbìmọ̀ kan tó lè yí ìdájọ́ náà padà.